Oríkì Tí Mo Gbé Mì Lábẹ́ Igi Máńgòrò

Ọdún tí wọ́n ní kí àwọn ará Gánà kó ẹrù wọn kúrò nílùú wa ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. N kò mọ̀wé, n kò lè sọ iye tí wọ́n ń pe ọdún náà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbọ́njú nígbà náà kò ní gbàgbé rẹ̀. Ọyẹ́ mú débi pé bí ènìyàn bá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa ní Adìgbẹ, kò ní rí ilé tó kọjú sí i. Ńṣe ni gbogbo ayé dà bí ohun tí wọ́n fi aṣọ funfun bò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹrù kan ti wà láyà mi láti ọdún náà. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni títí èmi fúnra mi yóò fi sọ. Ẹ jọ̀ọ́, bí ọ̀rọ̀ mi bá ń lọ síwá sẹ́yìn, ẹ fara dà á fún mi. Ohun tó bá pẹ́ nínú ènìyàn kì í jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìdí tí mo fi la ẹnu nísinsìnyí ni pé obìnrin kan dùbúlẹ̀ àìsàn ní Ọ̀dẹ̀dá. Ó ń béèrè ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà ní òun kò lọ. Èmi nìkan ni mo mọ ìdí tí kò fi fẹ́ lọ, nítorí èmi ni mo dá ìdí náà sílẹ̀.

Rísì ni orúkọ ọmọ náà. Èmi kọ́ ni mo bí i, ìyáàlé mi ni. Ọkọ wa ń wa ọkọ̀ ìjọba ní Ìbarà. Ó fẹ́ mi láìsọ fún ìyáàlé mi, ọjọ́ tí wọ́n mú mi wọlé ni obìnrin náà mọ̀. Ìjà tó tẹ̀lé e, ẹ jẹ́ kí n fò ó. Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn rẹ̀ fi wá láti Ọ̀dẹ̀dá wá kó ẹrù rẹ̀. Ọkọ wa gba ọmọ sílẹ̀, ó ní ilé baba ni ọmọ ń gbé. Ó tún búra pé bí obìnrin náà bá fi ẹsẹ̀ tẹ àgbàlá òun pẹ́nrẹ́n, òun yóò mú ọmọ náà lọ síbi tí ìyá rẹ̀ kò ti ní gbúròó rẹ̀ mọ́. Ọkọ wa kì í búra lásán. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Rísì kéré nígbà náà, kò tíì pẹ́ tí wọ́n gba ọmú lẹ́nu rẹ̀. Oríkì ni ìyá rẹ̀ máa ń fi jí i láàárọ̀. Àbẹ̀bí. Ìyá ìyá rẹ̀ ló fún un, nítorí wọ́n bẹ̀ ẹ́ gidigidi kó tó wá sáyé. Èmi náà kọ́kọ́ ń fi pè é. Ṣùgbọ́n bó bá ti gbọ́ Àbẹ̀bí báyìí, yóò wo ẹnu ọ̀nà, ẹkún yóò sì bẹ̀rẹ̀. Mo bá dẹ́kun pípè é. Ó di Rísì ní òwúrọ̀, Rísì ní alẹ́. Ọkọ wa kò fẹ́ gbọ́ ohunkóhun tó bá ti Ọ̀dẹ̀dá wá, nítorí náà, òun náà kò pè é.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, àánú ló kọ́kọ́ mú mi ṣe é. N kò mọ̀ pé àánú lè yí padà lọ́wọ́ ènìyàn bí wàrà tí wọ́n gbé sínú oòrùn.

Ó gbàgbé. Ọmọdé ni. Ẹkún náà lọ, orúkọ náà bá a lọ. Àǹtí ni ó ń pè mí. Ọdún ń gorí ọdún, èmi kò rí oyún. Rísì nìkan ni ọmọ tó ń sáré nínú ilé náà. Bó bá sùn sí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́sàn-án, mo máa ń rò ó pé bóyá inú mi ló ti jáde, pé èmi ni mo gbàgbé.

Tíṣà kan láti Gánà ló gba yàrá iwájú lọ́wọ́ ọkọ mi. Nígbà tí ìjọba ní kí wọ́n máa lọ, kò lè gbé tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ dání. Ó ní, "Bàbá Rísì, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀, mò ń bọ̀ wá gbé e." A kò rí i mọ́. Tẹlifíṣọ̀n náà wà nínú àpótí onípákó tó ní ilẹ̀kùn méjì bíi fèrèsé. Bí mo bá ti kí irun ìrọ̀lẹ́ tán, a ó ṣí ilẹ̀kùn náà. Yóò kọ́kọ́ máa hó bí òjò, eérú yóò máa fò nínú rẹ̀. Láàárín eérú náà ni àwọn ènìyàn yóò ti máa yọ díẹ̀díẹ̀.

Àwọn kan wà nínú wọn tí kì í ṣe ènìyàn gidi. Katúùnù ni àwọn ọmọ ń pè é. Ẹnì kan ló fi ọwọ́ yà wọ́n, síbẹ̀ wọ́n ń rìn, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń bá ara wọn jà nínú ilé bíi tiwa. Ikùn baba rí bí ìkòkò. Irun ìyá ga bí òkìtì ọ̀gán. Ọmọkùnrin kan ni wọ́n bí, etí rẹ̀ fẹ̀ bí ewé kókò.

Ìyá Bùnmi, tó gba yàrá Tíṣà lẹ́yìn tó lọ, máa ń bá wa wò ó. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

"Ẹ wo ọwọ́ wọn," ó ní, "ìka mẹ́rin mẹ́rin! Kí ló jẹ èyí tó kù?"

Mo ní, "Ẹni tó yà wọ́n ló ń kánjú."

"Ahun ni jàre. Kò fẹ́ kí tàdáwà òun tán."

Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu jù ni ẹ̀rín wọn. Bí àwọn ènìyàn yíyà náà bá sọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹnì kankan nínú ilé wọn tó ń rẹ́rìn-ín. A kò rí àwọn ẹlẹ́rìn-ín yẹn rí. Mo ti yọjú wo ẹ̀yìn àpótí náà lọ́jọ́ kan, eruku ni mo bá.

Òyìnbó ni wọ́n ń sọ. Èmi kò gbọ́, Ìyá Bùnmi ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀. Rísì ti wà nílé ìwé, òun ló ń túmọ̀ fún wa. Ìyá Bùnmi a ní, "Ògbufọ̀ wa, kí ni wọ́n wí?" Inú ọmọ náà a dùn, a tẹ́ ọrùn síwájú.

Mo gbọ́dọ̀ sọ nǹkan kan nípa Rísì kí ọ̀rọ̀ mi tó lè yé yín. Ọwọ́ òsì ló ń lò. Ó fi ń jẹun, ó fi ń kọ̀wé, ó fi ń na nǹkan sí àgbàlagbà láìmọ̀. Wọ́n ń nà án nílé ìwé nítorí rẹ̀. Èmi náà nà án rí. Àwọn ọmọ àdúgbò a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ọlọ́wọ́-òsì, ìyá ẹ sá fún ẹ!" Mo máa ń lé wọn. Ṣùgbọ́n n kò sọ fún un rí pé irọ́ ni wọ́n ń pa. N kò sọ pé ìjà èmi àti ìyá rẹ̀ ló mú ìyá rẹ̀ lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, baba àti ìyá inú katúùnù náà jà. Baba gbé àpótí, ó jáde. Ọmọ wọn ní etí òun ló fà á. Ó mú gèlè ìyá rẹ̀, ó fi di etí mọ́rí. Etí tú jáde. Àwọn tí a kò rí rẹ́rìn-ín. Ó bá gun igi tó wà lẹ́yìn ilé wọn, ó ní òun kò sọ̀kalẹ̀ mọ́. Baba gbọ́, ó sáré padà wálé. Wọ́n pè é títí, kò dáhùn. Ìgbà náà ni ìyá rẹ̀ wá pe orúkọ kan, orúkọ tó fi ń ṣìkẹ́ rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Ọmọ náà já bọ́ bí èso tó pọ́n, ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Ẹnu Rísì ni mo ti gbọ́ gbogbo èyí. Bó ṣe ń túmọ̀ ni ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, títí ó fi dákẹ́.

"Ògbufọ̀, kí ni ìyá ẹ̀ wí?" Ìyá Bùnmi béèrè.

Ó ṣì ń wo ọmọ náà. Ìmọ́lẹ̀ tẹlifíṣọ̀n náà wà lójú rẹ̀, ó jọ pé òun náà ni wọ́n yà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó jáde wá pẹ̀lú ọwọ́ òsì tí ó fi gèlè mi dì mọ́ ìbàdí. Mo ní, "Kí lèyí?" Ó ní òun kò ní lò ó mọ́, bóyá ìyá òun á padà wá. Mo rẹ́rìn-ín, mo tú u. Ẹ jọ̀ọ́, mo rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, mo ń gbọ́ ẹ̀rín náà.

Lọ́jọ́ kan tí kò sí ilé ìwé, a wá a títí. Orí igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé la ti rí i. Ó ti gùn ún dé ibi tí ẹ̀ka ti tín-ín-rín. Ọyẹ́ tó ṣẹ́kù bò ó, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan ló hàn dáadáa, wọ́n ń fì nínú èéfín funfun náà.

Mo ní, "Rísì, sọ̀kalẹ̀!"

"Kì í ṣe ìyẹn," ó ní.

"Kí ni kì í ṣe ìyẹn?"

"Kì í ṣe Rísì. Ẹ pe èyí tí ìyá mi ń pè mí nígbà tí mo kéré. Bí ẹ bá pè é, màá sọ̀kalẹ̀."

Ìyá Bùnmi kò bá ìyáàlé mi nínú ilé náà, kò mọ oríkì kankan. Ó ń fọwọ́ lé orí. "Ẹ pè é, Àǹtí, ẹ pè é jàre, kí ọmọ ọlọ́mọ má lọ já!"

Ọmọ ọlọ́mọ. Ó sọ ọ́ láìronú, ṣùgbọ́n ó wọ̀ mí lára.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ibi tí mo dúró sí. Àbẹ̀bí wà lórí ahọ́n mi. Mo ti ya ẹnu. Mo wá rò ó pé bí mo bá pè é, yóò rántí. Bó bá rántí orúkọ, yóò rántí ohùn tó ń pè é. Yóò béèrè ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá. Èmi yóò wá kù pẹ̀lú ilé tó dákẹ́ àti ikùn tó ṣófo.

Mo gbé e mì.

Mo ní, "Ìyá rẹ kò fún ọ ní oríkì kankan. Sọ̀kalẹ̀."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró, kò fì mọ́.

"Kò fún mi rárá?"

"Rárá."

Ó sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kò sí ẹni tó na ọwọ́ gbà á. Kò sunkún. Ìbá sunkún, bóyá ǹ bá sọ òótọ́. Ó kàn dúró níwájú mi, ó ń gbọn èèpo igi kúrò lára, bí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé tí kò bá ẹni tó wá kí.

Mo fà á mọ́ra. Mo ní, "Èmi á fún ẹ ní tìrẹ. Àdùnní. Láti òní lọ, Àdùnní mi ni ẹ́."

Ó pè é fún ara rẹ̀, wúyẹ́wúyẹ́, bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Ó wá ní, "Ẹ ṣé, Màámi."

Kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. N kò ní parọ́ fún yín, inú mi dùn. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tí mo padà wá bí àwọn ọmọ tèmi lọ. Ohun tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ mi nìyí, ó sì nira láti fi ẹnu mi sọ ọ́.

Bó bá jẹ́ pé ó parí síbẹ̀, bóyá ǹ bá gbé e lọ sí sàréè. Ṣùgbọ́n òjò rọ̀, ọyẹ́ lọ, ìyáàlé mi wá.

Òwúrọ̀ ni. Òjò wẹliwẹli ń rọ̀. Ọkọ wa ti wa ọkọ̀ lọ sí Èkó. Rísì ń fọ abọ́ lẹ́bàá kànga, èmi ń dáná. Mo gbọ́ ohùn kan láti òdìkejì ọgbà, ní ojú títì. Kò wọ àgbàlá, ó bẹ̀rù ìbúra ọkọ wa. Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìborùn lórí, òjò ti mú kó dà bí ẹni tí ènìyàn rí lójú àlá.

"Àbẹ̀bí o!" ó ń pè. "Àbẹ̀bí! Àbẹ̀bí mi o!"

Rísì gbé ojú sókè. Ó wò ó. Wọ́n wo ara wọn, mo rí i. Ó wá yíjú sí mi.

"Màámi, ta ni obìnrin yẹn ń pè?"

Mo ní, "Ọmọ rẹ̀ ni."

"Ọmọ ẹ̀ ò mà dá a lóhùn."

"Bóyá kò gbọ́."

Ó tún pè. Rísì mi orí, àánú rẹ̀ ṣe é. Ó ní, "Bó bá jẹ́ èmi ni ìyá mi wá pè báyìí, màá ti sáré." Ó wá tẹ̀ba, ó ń fọ abọ́ rẹ̀ lọ.

Ìyáàlé mi rí i tó tẹ̀ba. Ó rí i pé ọmọ òun gbọ́ orúkọ rẹ̀, ó wo òun lójú, ó sì padà sídìí abọ́. Ó dúró díẹ̀, ó yí padà.

Mo sáré tẹ̀lé e dé ìkòríta. N kò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ìyáàlé mi."

Kò bú mi. Ìbá bú mi, ìbá sàn. Ó ní, "Ọmọ mi ti kọ̀ mí. Ó gbọ́ mi, ó kọ̀ mí. Bá mi tọ́jú ẹ̀. Má jẹ́ kí wọ́n máa nà án nítorí ọwọ́ ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi. Gbólóhùn kan péré ni. Mo wò ó títí ó fi wọ inú òjò lọ, títí n kò fi mọ̀ bóyá òun ni mò ń wò tàbí òjò.

Nígbà tí mo padà, Rísì béèrè pé ṣé obìnrin náà rí ọmọ rẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Láti ọjọ́ náà, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni na ọwọ́ òsì rẹ̀ mọ́. Mo lọ bá tíṣà rẹ̀ nílé ìwé, mo jà. Àwọn ènìyàn ń yìn mí, wọ́n ní mo tọ́ ọmọ orogún bí ẹni tọ́ ọmọ inú. Ìyìn náà máa ń rùn sí mi.

Ọlọ́run fún mi lọ́mọ lẹ́yìn náà, Múfú àti Kàmọ́. Ọkọ wa kú. Tẹlifíṣọ̀n Tíṣà bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá sùn lọ́sàn-án, mo máa ń wà nínú rẹ̀. Gbogbo ilé wa di yíyà, èmi náà di yíyà, ìka mi kò pé. Mo dúró sábẹ́ igi, mo fẹ́ pe Àbẹ̀bí, ẹnu mi kò ṣí nítorí ẹni tó yà mí kò ya ẹnu fún mi. Àwọn tí a kò rí ń rẹ́rìn-ín.

Rísì ti di ìyá ọlọ́mọ. Ó ń rán aṣọ ní Ìbarà, ọwọ́ òsì náà ló fi ń gé aṣọ tí ẹnikẹ́ni kò lè gé bíi tirẹ̀. Òun ló ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún mi. Òun ló mú mi lọ ṣiṣẹ́ abẹ ojú. Àwọn ọmọ tí mo bí fẹ́ràn mi, ṣùgbọ́n Rísì ló mọ ìgbà tí n kò bá jẹun.

Láìpẹ́ yìí, àbúrò ìyá rẹ̀ wá láti Ọ̀dẹ̀dá. Ó ní ìyá náà kò lè dìde mọ́, ojú ọmọ rẹ̀ nìkan ló fẹ́ rí, ó sì ń bẹ̀rù láti ránṣẹ́ nítorí ọmọ náà ti kọ òun nígbà kan. Rísì gbọ́ ọ parí. Kò pariwo. Ó ní, "Ẹni tí kò rí orúkọ kan fi ṣìkẹ́ mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kí ló fẹ́ máa pè mí báyìí?"

Ó wá yíjú sí mi, ó fọwọ́ lé èjìká mi. "Màámi mi nìyí."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Bí mo bá sọ òótọ́, yóò lọ bá ìyá rẹ̀, bóyá kò ní wo ẹ̀yìn mọ́. Bí mo bá dákẹ́, obìnrin náà yóò kú pẹ̀lú èrò pé ọmọ òun kọ òun, ọmọ náà yóò sì máa gbé ayé lọ pẹ̀lú èrò pé ìyá òun kò ka òun sí. Èmi tí mo wà láàárín ni mo purọ́ fún àwọn méjèèjì, ọ̀kan pẹ̀lú ẹnu, èkejì pẹ̀lú ìdákẹ́. Ṣé kí n sọ fún un nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kí ó lè lọ fúnra rẹ̀? Àbí kí n tẹ̀lé e dé Ọ̀dẹ̀dá, kí n sọ ọ́ lójú ìyá rẹ̀, kí àwọn méjèèjì gbọ́ ọ pa pọ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pẹ́ kí ẹ tó dá mi lóhùn. Ara obìnrin náà kò gba ìdúró.

Mo ti pe Múfú àti Kàmọ́ ní Jímọ̀ tó kọjá. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín. Múfú sunkún. Kàmọ́ ní, "Màámi, ẹ jẹ́ kọ́rọ̀ yìí bá yín lọ. Ẹ ti dàgbà. Bí Àǹtí Rísì bá gbọ́, ilé yìí máa dàrú. Ṣé ẹ fẹ́ kó lé yín ni?"

Mo ní kó jókòó. Mo ní ẹ̀gbọ́n wọn ni ìyá rẹ̀ bẹ Ọlọ́run kó tó bí i, èmi ni mo bo òótọ́ mọ́lẹ̀, kì í ṣe Rísì ni yóò jìyà rẹ̀ títí òun náà yóò fi dàgbà bíi tèmi. Mo ní, "Èmi yóò sọ fún un. Bó bá gbọ́, tó ní òun kò fẹ́ rí mi mọ́, ẹ má bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹ má sì gbèjà mi."